Bí Ìdílé Ajíhìnrere Láti Ìbàdàn Ṣe Lè Fẹsẹ̀ Múlẹ̀ ní Ilẹ̀ Òkèèrè

Kí ìdílé tí ìjọ rẹ̀ ní Ìbàdàn ti yàn fún iṣẹ́ ìhìnrere ní ilẹ̀ òkèèrè tó ra àpótí kankan, mo máa ń gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí bàbá, ìyá àti àwọn ọmọ jọ lọ sí Kúdẹtì ní ọjọ́ tí ọwọ́ bá dilẹ̀, kí wọ́n wo ṣọ́ọ̀ṣì St. David, kí wọ́n sì wo ibi tí David Hinderer, òyìnbó ajíhìnrere, àti Anna, ìyàwó rẹ̀, tẹ̀dó sí nígbà tí wọ́n dé ìlú yìí ní ọdún 1853. Ìtàn iṣẹ́ ìhìnrere tí a mọ̀ jù lọ ní Ìbàdàn, ọ̀dọ̀ onílé ni a ti ń sọ ọ́: àwa ni a wà nílé, àwọn ni wọ́n dé. Ẹni tí ó fẹ́ lọ di àlejò ní ìlú onílùú gbọ́dọ̀ yí ibi tí ó dúró sí padà, kí ó fi ojú Anna Hinderer wò ó, ìyẹn obìnrin tí kò gbọ́ èdè àdúgbò dáadáa, tí oúnjẹ ìlú ṣàjèjì sí, tí gbogbo ènìyàn sì ń yọjú wò. Àwọn ọmọ méjì kan, Akínyẹlé àti Yéjídé, tí bàbá wọn, olóyè ogun tí ń jẹ́ Olúńlọ́yọ̀, fi lé e lọ́wọ́ láti kọ́ ìwé, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ kọ́. Nígbà tí ẹ bá ń padà sílé, ẹ bi ara yín léèrè pé kí ni aládùúgbò yín ní ìlú tí ẹ ń lọ yóò rí lára yín tí òun náà yóò fi lè gbé ọmọ rẹ̀ lé yín lọ́wọ́.

Ọdún mẹ́jọ ni èmi, ọkọ mi àti àwọn ọmọ wa mẹ́ta fi gbé ní Maradi, ní orílẹ̀-èdè Nìjẹ̀r, láti ọdún 2011 títí di ọdún 2019 tí a padà sí Òkè-Àdó. Láti ìgbà náà ni àwọn ìjọ ti ń darí àwọn tí ó ń múra àtilọ sí ọ̀dọ̀ wa, ohun tí mo sì kọ síhìn-ín ni ohun tí mo ń bá wọn sọ ní pálọ̀ wa. Nínú àwọn ìdílé tí mo mọ̀ tí wọ́n padà wálé kí àsìkò wọn tó pé, díẹ̀ ni ooru tàbí àìsàn lé padà. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ni ó lọ gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ kí ó tó kọ́ bí a ṣe ń jẹ́ àlejò nílé onílé, tí agara sì dá àwọn àti onílé papọ̀. Ọ̀rọ̀ jíjẹ́ àlejò yìí ni mo fẹ́ kí ẹ máa bá mi wá kiri nínú gbogbo ohun tí ó tẹ̀lé e.

Ìwé àti owó

Ẹ fi oṣù mẹ́fà sílẹ̀ fún ìwé nìkan. Ọmọ kọ̀ọ̀kan, títí kan ọmọ ọwọ́, gbọ́dọ̀ ní páṣípọ́ọ̀tù tirẹ̀, kí ẹ sì tó lè gbà á, ìwé ẹ̀rí ìbí láti ọ̀dọ̀ Àjọ Ètò Ìkànìyàn àti lẹ́tà ìyọ̀ǹda òbí gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀. Ẹ rí i pé orúkọ kan náà ni ó wà lórí gbogbo ìwé. Àwa Yorùbá máa ń fún ọmọ ní orúkọ méje, kí ìyá àgbà máa pè é ní Àyìnkẹ́, kí ilé-ìwé máa pè é ní Esther, kí ìwé ìbí wá sọ pé Olúwáṣeun ni; a sì máa ń gbàgbé pé òṣìṣẹ́ tí ó jókòó sí ẹnu ibodè kò bá wa jẹun ìkómọ.

Ẹ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú, kí ẹ sì gba káàdì rẹ̀ aláwọ̀ ìyeyè, ó kéré tán ọjọ́ mẹ́wàá kí ẹ tó gbéra, nítorí ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ni káàdì náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. Láti oṣù keje ọdún 2016, káàdì yìí kì í gbó mọ́; ti ìgbà ayé ẹni ni. Bí ó bá jẹ́ pé ìhà Sàhẹ́lì, ilẹ̀ gbígbẹ etí aṣálẹ̀ Sàhárà, ni ẹ ń lọ, ẹ béèrè abẹ́rẹ́ àrùn yírunyírun, èyí tí ó máa ń gan ọrùn, nítorí pé nígbà ọyẹ́ àti ẹ̀ẹ̀rùn ni ó máa ń jà ní àwọn ilẹ̀ wọ̀nyẹn. Ẹ má sì rò pé ilẹ̀ gbígbẹ kò ní ẹ̀fọn: tí òjò oṣù mẹ́ta wọn bá dé, ibà a máa gbé ọmọ dè gidigidi, nítorí náà ẹ di àwọ̀n ẹ̀fọn mọ́ ẹrù.

Lábẹ́ òfin ECOWAS, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn láìgba físà, kí ó sì gbé ibẹ̀ fún 90 ọjọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ìwé ìgbélùú ni. Nìjẹ̀r, Mali àti Burkina Faso ti kúrò nínú ẹgbẹ́ náà ní ọjọ́ 29 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, nítorí náà kí ẹ béèrè lọ́wọ́ aṣojú ìjọba wọn ní Nàìjíríà nípa ohun tí ó bá òfin mu ní àsìkò tí ẹ fẹ́ gbéra, ẹ má béèrè lọ́wọ́ awakọ̀. Mo mọ àwọn tí wọ́n gbé ìlú onílùú fún ọdún mẹ́ta pẹ̀lú ìrètí pé ẹni kan yóò bá àwọn rí sí i. Àwọn àgbà Ògbómọ̀ṣọ́ kò lè gbàgbé oṣù kọkànlá ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Busia ní Gánà fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti wá ìwé tàbí kí wọ́n máa lọ, tí àwọn oníṣòwò tí wọ́n ti bímọ, tí wọ́n ti kọ́lé síbẹ̀, sì di ẹrù tí ó ṣeé gbé lórí wá sílé.

Lórí owó, ìjọ tí ó rán yín lè má fẹ́ gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́ fún wọn kí ẹ tó lọ. Bí ó bá jẹ́ pé sẹ́fà, owó tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tí ń sọ Faransé ní Áfíríkà ń ná, ni ẹ ó máa ná, sẹ́fà ni kí wọ́n fi ṣe àdéhùn, kí ó má ṣe jẹ́ náírà. Sẹ́fà so mọ́ yúrò, 655.957 sẹ́fà sí yúrò kan, kì í sì í yẹ̀. Náírà ni ó ń rìn. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa dá iye rẹ̀, dọ́là kan tí ó wà ní nǹkan bí 460 náírà kọjá 1,400 kí oṣù kejì ọdún tí ó tẹ̀lé e tó parí. Ìdílé tí ìjọ kò yí iye tí ó ń fi ránṣẹ́ sí padà, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta owó wọn ni ó kù lọ́wọ́ wọn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹnikẹ́ni nínú ìgbìmọ̀ tí ó gbà pé òun dín owó kù. Ẹ rántí pẹ̀lú pé sẹ́fà tí wọ́n ń ná ní Benin, Tógò àti Nìjẹ̀r yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń ná ní Kamẹrúùnù àti Chad. Iye wọn dọ́gba, ṣùgbọ́n ọlọ́jà Maradi kò ní gba ti Douala ní Kamẹrúùnù lọ́wọ́ yín.

Ẹ tọ́jú owó ìjẹun oṣù mẹ́ta sí ibi tí ẹ lè nawọ́ mú un láìsí báńkì. Nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba ní Nìjẹ̀r ní ọjọ́ 26 oṣù keje ọdún 2023, ECOWAS ti ẹnubodè, wọ́n dá ètò owó láàárín báńkì dúró, ó sì di oṣù kejì ọdún 2024 kí wọ́n tó ṣí i. Ẹni tí owó rẹ̀ ń ti Ìbàdàn bọ̀ rí ohun tí ojú Anna Hinderer rí, nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1860 tí ọ̀nà Èkó dí, tí ẹrù àti owó kò lè wọlé mọ́, tí òun àti ọkọ rẹ̀ ń ta nínú aṣọ àti ohun èlò ilé wọn kí wọ́n lè rí oúnjẹ jẹ. Títí di ọdún 1865 ni wàhálà yẹn fi wà. Àwọn ará Ìbàdàn tí wọ́n bá wọn gbé ni wọ́n mú wọn là á já, ìyẹn ni mo ṣe sọ pé bí ẹ ti ń tọ́jú owó ni kí ẹ máa tọ́jú aládùúgbò.

Ọdún àkọ́kọ́, èdè ni

Gbólóhùn tí kì í dùn mọ́ ìgbìmọ̀ ìjọ nínú nìyí: ẹ má wàásù ní ọdún àkọ́kọ́. Mo mọ̀ pé kí oṣù kẹta tó pé ni wọn yóò ti kọ̀wé béèrè iye ọkàn tí ẹ jèrè, ẹ sì lè fi ọ̀wọ̀ dá wọn lóhùn pé ẹ ti kọ́ igba ọ̀rọ̀. Ẹni tí ó ń fi ògbufọ̀ wàásù láti ọjọ́ kìn-ín-ní, ògbufọ̀ rẹ̀ ni àwọn ènìyàn yóò máa bá sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìsìn. Òun fúnra rẹ̀ yóò máa rẹ́rìn-ín músẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ kan bí ère.

Fún ẹni tí ń lọ sí ilẹ̀ Háúsá, irú èyí tí Maradi wà nínú rẹ̀, ìròyìn ayọ̀ wà. Àwọn ọ̀rọ̀ kan ti wà lẹ́nu wa kí a tó kúrò nílé, nítorí pé ọ̀rọ̀ Lárúbáwá àti òwò ti gbé wọn kárí àwa méjèèjì: àlàáfíà wa ni lafiya wọn, àlùbáríkà wa ni albarka, àdúrà ni addu'a, àlùbọ́sà ni albasa, wàhálà kò sì yí orúkọ padà rárá, ibikíbi tí ó bá dé. Èdè wọn ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ bí tiwa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í kọ àmì ohùn sínú ìwé, nítorí náà etí Yorùbá a máa tètè gbọ́ ohun tí etí òyìnbó kò gbọ́. Ìkíni wọn sì jọ tiwa dé àyè kan. Bí a ti ń sọ pé ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àbọ̀, ni wọ́n ń sọ pé sannu da aiki, sannu da zuwa. Ẹ kọ́ gbogbo ọ̀wọ́ ìkíni yìí kí ẹ tó kọ́ ohunkóhun mìíràn. Ní òwúrọ̀, ina kwana kò tó. Ẹ ó béèrè ilé, ẹ ó béèrè ọmọ, ẹ ó béèrè àárẹ̀, ẹ kò sì gbọdọ̀ kánjú, nítorí ẹni tí ó bá gé ìkíni kúrú dà bí ẹni tí ó wá gba gbèsè.

Ọ̀nà tí ó ràn wá lọ́wọ́ rọrùn, kò sì náni lówó púpọ̀. Ẹ yan obìnrin kan ní ọjà, kí ẹ máa lọ ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́, ì báà ṣe iyọ̀ lásán, kí ẹ sì kọ ọ̀rọ̀ márùn-ún tí ẹ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ sínú ìwé kékeré kí ẹ tó sùn. Ẹ wá olùkọ́ tí kò gbọ́ Yorùbá, tí kò sì fẹ́ràn Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yín máa ṣe àtúnṣe ọ̀rọ̀ yín láìsí ìbáwí, nítorí pé àwọn ni yóò ṣáájú yín. Àbígbẹ̀yìn wa, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà tí a dé, ni ó ń bá bàbá rẹ̀ ná ọjà ní oṣù kẹfà tí a débẹ̀, ọkọ mi sì gbà pé ọmọ náà ni ó kọ́ òun ní ìwà ìrẹ̀lẹ̀ ju gbogbo ẹ̀kọ́ tí òun kọ́ nílé ẹ̀kọ́ ìsìn lọ.

Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ti ń fi Faransé ṣe iṣẹ́ ọ́fíìsì àti ilé-ìwé, ẹ bẹ̀rẹ̀ èyí kí ẹ tó kúrò ní Nàìjíríà. Abúlé Faransé tí ìjọba dá sílẹ̀ ní Àjàrà, ní Bàdágìrì, wà fún irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, Ìbàdàn náà kò sì ṣàìní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Faransé ní Yunifásítì tí yóò fẹ́ kọ́ni nílé. Faransé ni ẹ ó fi gba ìwé. Èdè ìlú ni ẹ ó fi ní ọ̀rẹ́. Ọ̀pọ̀ ìdílé ń kọ́ ti àkọ́kọ́, wọ́n sì rò pé ó parí síbẹ̀.

Ìdẹwò kan wà tí kò ní fi orúkọ ara rẹ̀ hàn yín. Ní èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìlú ńlá ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, ẹ ó bá Yorùbá níbẹ̀, wọn yóò gbà yín tọwọ́tẹsẹ̀, wọn yóò se àmàlà fún yín, wọn yóò sì ní kí ẹ wá máa darí ìsìn Yorùbá ti ọjọ́ Àìkú. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ẹ jẹ àmàlà náà, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ó gba gbogbo ọ̀sẹ̀ yín. Mo mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ Gánà lẹ́ẹ̀kan. Àwọn oníṣòwò Yorùbá, ará Ògbómọ̀ṣọ́ pàápàá, ni wọ́n gbé ìjọ Onítẹ̀bọmi dé ọ̀pọ̀ ìlú níbẹ̀, iṣẹ́ ńlá sì ni wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé Yorùbá ni a fi ń kọrin tí a sì fi ń wàásù nínú púpọ̀ nínú àwọn ìjọ náà, nígbà tí òfin ọdún 1969 kó àwọn ọmọ ìjọ wọn lọ, àga ni ó kù nínú ilé. Àwọn ìdílé tí mo ń bá sọ̀rọ̀ kò fẹ́ gbọ́ ìtàn yìí, èmi náà kò sì yé sọ ọ́. Ẹ lọ sí ìjọ àwọn ọmọ ìlú, kí ẹ jókòó sẹ́yìn fún ọdún kan, kí ẹ kọ orin wọn, kí ẹ mọ ẹni tí ń ṣàìsàn nínú wọn.

Ìyá ilé

Ìjọ a máa rán pásítọ̀, ìyàwó rẹ̀ a sì máa bá a lọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń sọ ọ́, ìṣòro sì ti wà nínú bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Ọkọ ní olùkọ́ èdè, ó ní ìpàdé, ó ní ibi tí ó ń lọ ní òwúrọ̀. Ìyàwó ní iná èédú, omi tí kò dé, ọmọ tí ó ń ṣàárò ìyá àgbà, àti ògiri. Mo fi iṣẹ́ tíṣà tí mo ti ṣe fún ọdún mọ́kànlá sílẹ̀, oṣù kẹrin ni mo sì tó mọ̀ pé ọ̀fọ̀ iṣẹ́ náà ni mo ń ṣe, mo rò pé ibà ni. Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ọkọ ni pé kí wákàtí tí ìyàwó fi ń kọ́ èdè dọ́gba pẹ̀lú tiwọn, kí wọ́n sì máa ṣọ́ ọmọ ní wákàtí náà láìka á sí oore. Ìgbìmọ̀ ìjọ ní Ìbàdàn gbọ́dọ̀ máa kọ lẹ́tà sí ìyàwó pẹ̀lú, kí wọ́n béèrè ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, kí wọ́n má ṣe fi kí Màmá Pásítọ̀ fún wa parí ọ̀rọ̀. Kí ó sì ní iṣẹ́ kan tí ó jẹ́ tirẹ̀. Ní tèmi, mo ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́bìnrin àdúgbò ní aṣọ rírán, ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ èdè, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti kọ́ mi ní ìwà.

Ọ̀kan nínú ẹ̀kọ́ ìwà náà nìyí. Mo dúró ní ẹnu ọ̀nà ní ọjọ́ kan, mo sì fi ohùn òkè pe àkọ́bí wa lórúkọ bí ìyá èyíkéyìí ní Òkè-Àdó yóò ti ṣe, ni àwọn obìnrin tí ó wà lábẹ́ igi bá bo ojú wọn, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ìyá kì í pe orúkọ àkọ́bí rẹ̀ lójú ayé lọ́dọ̀ wọn. Ìtìjú tí wọ́n ń pè ní kunya ni kò jẹ́, òun náà ni kò sì jẹ́ kí aya pe orúkọ ọkọ. Èyí tí ó kẹ́yìn yìí kò ṣàjèjì sí àwa tí ń sọ pé bàbá àwọn ọmọ. Èkíní ni mo kọ́, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi oríkì pe ọmọ mi, nítorí wọn kò mọ̀ pé orúkọ ni. Irú nǹkan báyìí kò sí nínú ìwé ìmúrasílẹ̀ kankan. Ẹ yan obìnrin àgbà kan ní àdúgbò, kí ẹ sì bẹ̀ ẹ́ ní gbangba pé kí ó máa sọ fún yín bí ẹ bá ṣì ṣe. Bí ẹ kò bá bẹ̀ ẹ́, ojú yóò tì í láti sọ ọ́, yóò sì kàn dẹ́kun wíwá sílé yín.

Oúnjẹ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ gbé èlùbọ́ díẹ̀ lọ fún ọjọ́ ìbí àti ọjọ́ àárò, ṣùgbọ́n ẹ kọ́ bí a ti ń ro túwó jéró ní oṣù àkọ́kọ́ tí ẹ bá dé, kí ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún jẹ ẹ́ nínú àwo kan náà pẹ̀lú wọn, kí ẹ sì mu fùrá tí wọ́n bá gbé fún yín. Oṣù kẹrin àti ìkarùn-ún ọdún ni ooru máa ń le jù, a sì máa kọjá 40 lórí ìwọ̀n Celsius. Ẹ sùn síta bí wọ́n ti ń sùn síta, kí ẹ sì dá iṣẹ́ dúró ní ọ̀sán.

Ilé-ìwé àwọn ọmọ

Ẹ pinnu ọ̀rọ̀ yìí ní Ìbàdàn, ẹ má dúró dìgbà tí ọmọ bá pé ọdún mẹ́tàlá. WAEC wà fún orílẹ̀-èdè márùn-ún tí ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn Nàìjíríà, Gánà, Sierra Leone, Liberia àti Gambia. Ní Nìjẹ̀r, ọmọ yóò lo ọdún mẹ́fà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, láti kíláàsì CI títí dé CM2, lẹ́yìn náà yóò lo ọdún mẹ́rin kí ó tó ṣe BEPC, ìdánwò ìparí ìpele àkọ́kọ́ ilé-ìwé girama, àti ọdún mẹ́ta sí i kí ó tó ṣe baccalauréat, ìdánwò ìparí girama, gbogbo rẹ̀ ní èdè Faransé. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó padà wá kàwé ní yunifásítì nílé, ẹ gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ẹ ó ti yà kúrò lójú ọ̀nà náà.

Ọ̀nà mẹ́ta ni mo ti rí. Àwọn kan fi ọmọ sí ilé-ìwé ìlú, kí wọ́n sì máa kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá nílé ní alẹ́. Àwọn kan ń kọ́ ọ nílé pátápátá, èyí tí ó máa ń mú kí ọmọ gbọ́n nínú ìwé, kí ó sì dá wà. Àwọn kan fi ọmọ sílẹ̀ ní Ìbàdàn sọ́dọ̀ ìyá àgbà tàbí sí ilé-ìwé tí ó ní ibùgbé. A ṣe èkíní fún àwọn kékeré, a sì ṣe ìkẹta fún àkọ́bí nígbà tí ó pé ọmọ ọdún méjìlá, bí ẹ bá sì bi mí, n kò ní tún ìkẹta ṣe. Ilé-ìwé tí a fi í sí kì í jẹ́ kí ó bá wa sọ̀rọ̀ lórí fóònù ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ní oṣù, a kò sì béèrè kí a tó san owó. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ọmọ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ béèrè ọ̀rọ̀ fóònù kí ó tó béèrè ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́, kí ó yan alágbàtọ́ kan tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé-ìwé náà, kí ó sì jẹ́ kí ọmọ fúnra rẹ̀ dá sí ìpinnu náà.

Nígbà tí ìlú bá gbóná

Ẹ ṣe ètò ewu kí ewu tó dé: ẹ̀dà gbogbo ìwé nínú àpò kan, epo nínú ọkọ̀, nọ́ńbà ọ́fíìsì aṣojú Nàìjíríà, àti ilé kan tí àwọn ọmọ mọ̀ pé àwọn lè sá lọ láìbéèrè. Ní ọjọ́ 16 àti 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2015, nígbà tí inú bí àwọn ènìyàn nítorí àwòrán Ànábì Muhammad tí ìwé ìròyìn kan ní ilẹ̀ Faransé tẹ̀ jáde, wọ́n dáná sun ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ní Zinder àti ní Niamey, ẹ̀rù sì ba gbogbo Kristẹni orílẹ̀-èdè náà. Ní ọjọ́ náà, kí a tó gbọ́ ìròyìn kankan, obìnrin Mùsùlùmí tí ògiri wa àti tirẹ̀ pààlà ti ránṣẹ́ wá kó àwọn ọmọ wa, ó sì mú wọn jẹun pẹ̀lú tirẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò sí nínú ètò tí a kọ sílẹ̀. Ọdún mẹ́rin tí a ti fi ń kí ara wa láràárọ̀ ni ó wà níbẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún lẹ́tà tí ẹ ń kọ sílé pẹ̀lú. Ìjọ fẹ́ àwòrán, wọ́n fẹ́ orúkọ, wọ́n fẹ́ ẹ̀rí tí wọ́n lè fi hàn lójú agbo. Ṣùgbọ́n àwòrán tí a gbé sórí WhatsApp ní Mọ́lété lè dé Maradi kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹni tí ó yí ẹ̀sìn padà láìtíì sọ fún bàbá rẹ̀ sì lè di ẹni tí a lé nílé. Ẹ má fi orúkọ tàbí ojú ẹnikẹ́ni ránṣẹ́ láìgba àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́tà kan ní oṣù kan tó, kí ìkùnà sì wà nínú rẹ̀ bí ayọ̀ ti wà níbẹ̀, kí àwọn tí ń gbàdúrà lè mọ ohun tí wọ́n ń gbàdúrà fún.

Àbọ̀

Kò sí ẹni tí ó kìlọ̀ fún wa pé wíwálé yóò le ju lílọ. Ìbàdàn tí ẹ fi sílẹ̀ kọ́ ni ẹ ó bá: ọ̀nà ti yí padà, owó ilé ti gòkè, ìjọ ti ní pásítọ̀ tuntun tí kò mọ̀ yín, àwọn ènìyàn yóò sì béèrè ohun tí ẹ mú bọ̀ kí wọ́n tó béèrè bí ẹ ti ṣe. Ẹ ní kí ìjọ fún yín ní oṣù mẹ́ta láìsí iṣẹ́ orí pẹpẹ. Ẹ sọ fún àwọn ẹbí ṣáájú pé àwọn ọmọ lè ṣì ṣe. Nígbà tí a dé, àbígbẹ̀yìn wa lóṣòó sílẹ̀ kí àgbà kan nínú ẹbí wa, bí àwọn ọmọkùnrin ti ń kí àgbà níbi tí ó gbé dàgbà, bàbá náà sì bínú pé ọmọ Yorùbá kò mọ ìdọ̀bálẹ̀. Ọmọ náà sunkún, nítorí pé ọ̀wọ̀ tí ó ga jù lọ tí ó mọ̀ ni ó fi hàn. Ó yẹ kí a ti kọ́ ọ ní méjèèjì láti ìbẹ̀rẹ̀, kí a sì ti sọ fún bàbá náà lórí fóònù.

Kí ẹ má sì jẹ́ kí èdè kú lẹ́nu wọn. Ẹ tọ́jú nọ́ńbà aládùúgbò yín, kí ẹ ra káàdì sílẹ̀ ní àkókò ọdún wọn, kí ẹ sì gbé fóònù lé ọmọ lọ́wọ́ kí òun fúnra rẹ̀ kí wọn. Tiwa kì í fún wa ní fóònù padà kí ó tó béèrè àlàáfíà ewúrẹ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.